Mọ́tò Bàbá Kò Ní Àìsàn Kankan

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ kan kiri. Bí Sátidé tó ń bọ̀ bá kọjá tí n kò sọ ọ́, n kò rò pé màá tún lè sọ ọ́ mọ́.

Rewáyà ni mí ní Mushin, iná ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe. Bàbá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbé mọ́tò àtijọ́ kan wá, èyí tí òyìnbó ọ̀gá wọn tà fún wọn nígbà tó ń padà sílé. Ọkàn wọn ò balẹ̀ rárá. Wọ́n ní láàárọ̀, abẹ́rẹ́ aago tó ń fi iná tó ń wọ bátìrì hàn níwájú àwọn máa ń sáré lọ sápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n bí ìrìn bá ti jìnnà díẹ̀, á padà sí àárín.

"Ọmọ mi, àbí dáínámò ti ń kú lọ ni?"

Kò sóhun tó ṣe dáínámò tó ń fún bátìrì níná. Bátìrì ló ti yó. Tó bá ti yó, iná tó ń wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín kù, abẹ́rẹ́ á sì padà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ṣùgbọ́n Bàbá ti jókòó sórí àpótí mi, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Bàbá tó bí mi kú kí n tó mojú wọn. Ẹnu mi kàn là ni, mo ní, "Ẹ máa gbé e wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, sà, kí n máa wò ó."

Wọ́n sì ń wá. Èmi òpùrọ́ á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá máa nu wáyà tó ti mọ́ tónítóní. Wọ́n á gbé gúgúrú àti ẹ̀pà wá, wọ́n á ní mo ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Láti Ọjọ́bọ̀ ni inú mi ti máa ń dùn.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣàìsàn nílé, wọ́n fẹ́ rí mi. Ṣé ọkọ̀ yìí á gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́?"

Ẹ̀rù bà mí. Bó bá lọ tó bọ̀ láìsí wàhálà, àṣírí mi tú nìyẹn. Mo ní ọ̀nà ni wọ́n máa sùn, kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Orúnkún wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n lè wọ lọ́rì. Wọ́n gbà mí gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà ò tíì pé tí ẹ̀gbọ́n wọn náà fi kú. Orí àpótí mi ni Bàbá ti sunkún, èmi náà ni mo ń pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn.

Ní báyìí, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní kí n wá gba mọ́tò náà ní Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́, níṣojú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ni ò jẹ́ kí n kú sọ́nà. Ọmọ mi ni ọ́."

N kò fẹ́ mọ́tò. Bàbá ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lọ́dọ̀ bàbá yín, ẹ kọ́ mi: báwo lọmọ ṣe ń jẹ́wọ́ irú èyí fún bàbá rẹ̀?