Àpótí Owó Ẹgbẹ́ Onífèrè

Wọn yóò yẹgi fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹjọ́ náà sì tọ́. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ti ń sọ èyí fún yín, nítorí kò sí irọ́ kankan tó kù lọ́wọ́ mi.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ onífèrè kan ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo. A kò dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láti jèrè. Owó tí wọ́n bá fún wa níbi ìgbéyàwó àti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, inú àpótí ló ń lọ, kí a lè fi ra fèrè. Ṣílè fàdákà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó pè wá sí Iléṣà, mo mú ṣílè mẹ́wàá nínú àpótí ra bàtà, kí n lè jọ ènìyàn pàtàkì lójú wọn. Mo ní n óò dá a padà bí mo bá gbowó oṣù. N kò dá a padà, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè. Lẹ́yìn bàtà, mo ra kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo ń kó ọ̀rẹ́ lọ sílé ọtí. Kí ọdún méjì tó pé, àpótí ti ṣófo.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, télọ̀ àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Iléṣà, wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì kan.

"Akápò, lọ́jọ́ Ajé a ó lọ ra fèrè tuntun n'Íbàdàn. Ṣé owó náà pé?"

"Ó pé, Baba. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo da kẹrosíìnì sí ilé tí a ń kó fèrè àti àpótí sí, mo ṣáná sí i. Mo rò pé wọn yóò ní owó náà ti jóná. Mo gbàgbé pé Mùsùlùmí ni Làsísì tó ń tọ́jú àwọn fèrè wa. Ibà dá a dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ilé náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀:

"Ta ló wà níta? Ẹ bá mi ṣí fèrèsé."

Iná ti gba ẹnu ọ̀nà, láti ìta ni a sì ti ń ti fèrèsé yẹn. Ọwọ́ mi tó o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i, yóò rí ojú mi. N kò ṣí i. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi máa dé, Làsísì ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú gbogbo eérú náà wò. Ó wá yíjú sí mi.

"Iná lè jó ilé, ó lè jó ènìyàn. Fàdákà kì í di eérú. Níbo ni ṣílè wa wà?"

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, mo jẹ́wọ́.

Ọ̀gá náà wá wò mí lẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó ní àwọn ará Òṣogbo àti àwọn àgbẹ̀ Iléṣà ti dáwó ra fèrè míràn, ẹni mẹ́ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ àpótí báyìí, wọ́n sì ń ka owó lójú gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Ó dá mi lójú pé ẹgbẹ́ náà yóò dúró. Ìyàwó Làsísì kò ránṣẹ́ sí mi, n kò sì retí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fi owó sí lọ́wọ́, bí ẹ bá ti mú nínú rẹ̀, ẹ lọ sọ ọ́ lónìí. Wọn yóò bú yín, ojú yóò tì yín ládùúgbò. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ikú ara ẹni ni wọ́n wí. Wọn kò wí ikú ẹlòmíràn.