Bọ́ọ̀lù Méjì Tí Dárasími Rí

Ẹ̀yin ará ìjọ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Uncle Bíyìí Aríran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Kí a tó ṣe ìdúpẹ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ó di dandan kí n sọ ohun tí mo fi ẹnu ara mi ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ti ń kọ ọ́. Mo ti pa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, torí mo mọ̀ pé lẹ́yìn èyí, Péjú àbúrò mi lè má fẹ́ rí mi sójú mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ lè kú, ẹ̀yin ni ẹ ó sì fi orin àti ijó sìn ín lọ síbi tí yóò kú sí, torí ẹ gbà pé Ọlọ́run ló rán an. Ọlọ́run kọ́. Èmi ni mo rán an.

Gbogbo yín mọ Dárasími, ọmọ Péjú. Snellville níbí ni ó dàgbà sí, ọmọ tí àwọn ìyá ìjọ máa ń lé kiri nítorí pé kì í lè rìn, eré ni ṣáá. Nígbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Atlanta, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, pe orúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún tó kọjá pé àwọn ti yàn án, igbe tí a ké ní ilé Péjú pọ̀ débi pé òyìnbó àgbàlagbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wá kan ilẹ̀kùn, ó ń bi wá ta ló kú. Fún ẹ̀yin tí ẹ kàn ń wọ jẹ́sì tí ẹ kò mọ eré náà (ẹ má bínú, mo mọ̀ yín), cornerback ni ẹni tó ń dá dúró létí pápá, tó ń ṣọ́ ẹni tí àwọn ọ̀tá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí. Bí ó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i. Bí onítọ̀hún bá sá kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ayé á rí i. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà sì ti ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ilé onígbàjámọ̀ kan, wọ́n ń retí kí ó máa já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti ń jẹun lórí pápá yẹn kí ó tó hu irùngbọ̀n.

Ẹ rántí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sá kọjá lára rẹ̀ ní eré àkọ́kọ́, wọ́n tún ṣe é ní èkejì. Níbí, bí wọ́n bá sá kọjá lára cornerback, wọ́n á ní ó ti jóná. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Toast, ìyẹn búrẹ́dì yíyan, àwọn mìíràn sì ń gbé búrẹ́dì yíyan wá sí pápá, wọ́n ń jù ú síwájú rẹ̀ bí ó bá ń wọlé. Níbi iṣẹ́ mi, ẹnì kan gbé búrẹ́dì kan sórí tábìlì mi, ó fi ketchup kọ nọ́ńbà Dárasími sí i lára. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sunkún nínú mọ́tò. Ẹ má rò pé ọmọ náà ni mò ń sunkún fún. Èmi ni mo ń wọ jẹ́sì rẹ̀ lọ ra gáàsì. Èmi ni mo ń sọ fún ẹni tó bi mí àti ẹni tí kò bi mí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní eré sísá lẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ láyé mi. Ojú tì mí fún ara mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, a wà ní ilé Péjú fún ìpàdé àdúrà, ni Dárasími bá pè mí. Mo tan ohùn fóònù sókè kí gbogbo yàrá lè gbọ́, torí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi ni ó máa ń pè. Ó wà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń múra, kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ, ló bá ń sọ Yorùbá, Yorùbá rẹ̀ yẹn tí ohùn rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní, “Uncle, mo ń rí méjì o. Ball. Every time, mo ń rí méjì.” Kí n tó lanu, Màmá Rachael, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, ti dìde lórí àga. Wọ́n ní, “Ìran nìyẹn. Ọlọ́run ti la ojú ọmọ yìí. Bọ́ọ̀lù méjì ni yóò gbà lọ́wọ́ ọ̀tá lọ́jọ́ Sọ́ńdè.” Yàrá gba ìyìn. Mo pa fóònù. Èmi nìkan ni mo dákẹ́, torí èmi nìkan ni mo mọ̀. Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n ẹ kò bi mí rí pé wọ́ọ̀dù wo ni mo wà. Wọ́ọ̀dù àwọn tó fi orí gbá nǹkan ni. Lójoojúmọ́ ni mò ń na ìka sójú ènìyàn, mo ń bi í pé, “Mélòó nìyí?” Ẹni tí a na ọ̀kan sí tó rí méjì kì í ṣe aríran, aláìsàn ni. Pastor James wá kọjú sí mi, wọ́n ní, “Uncle Bíyìí, kí lẹ̀yin gbọ́ nínú ẹ̀mí?” Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ṣì là fún mi. Mo wo ojú gbogbo yín, ojú àwọn tó ti ń jẹ ìtìjú búrẹ́dì láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo dijú, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni Olúwa wí. Méjì ni, kò ní dín.” Ọjọ́ yẹn ni ẹ sọ mí ní Aríran, mo sì jẹ́ orúkọ náà.

Nígbà tó dé inú mọ́tò rẹ̀, Dárasími pè mí padà. Ó ní, “Uncle, that's not what I meant. Ní practice lánàá, èmi àti Seth fi orí gbá ara wa. Mo ti bì. Light ń pa ojú mi. Ṣé kí n sọ fún team doctor?” Seth ni ẹni tó ń dúró de ipò rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ó bá sọ, wọ́n á ní kó jókòó títí orí rẹ̀ á fi yá, òfin wọn nìyẹn, òfin tó dára. Mo tún mọ̀ pé Aríran yóò di elékèé kí ọjọ́ tó kan Sọ́ńdè. Mo ní, “Dárasími, ta ló mọ orí ọmọ ènìyàn jù, dókítà ni àbí Ẹni tó dá a?” Ó ní, “But ẹ̀yin náà, nurse ni yín. If you say it's fine, Uncle, then it's fine.” Mo ní, “It's fine.” Ọ̀rọ̀ náà kò tiẹ̀ wúwo lẹ́nu mi rárá.

Ní Sátidé, Praise àbúrò rẹ̀, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, wakọ̀ wá bá mi nílé mi ní Stockbridge. Kò jókòó. Ó ní, “Uncle, mo lọ kí Dara. Ó ń da omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ cup ló dà á sí, gbogbo table tutù, kò sì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, I'm calling the team.” Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó fẹ́ bá Ọlọ́run jà. Mo ní bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pàdánù iṣẹ́ yìí, ẹnu rẹ̀ ni yóò ti wá, ìyá rẹ̀ kò sì ní gbàgbé. Ó sunkún, ó ní, “Mo kàn fẹ́ kí ó wà okay, sir.” Mo gbàdúrà lé e lórí, mo dá fóònù rẹ̀ padà, mo ní kó máa lọ sílé. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ mi ni mo sì fi wọ́ orí náà. Torí bí Praise ti jáde, mo pe Dárasími, mo kọ́ ọ ní ohun tó burú ju gbogbo èyí tí ẹ ti kà lọ. Mo ní, “Bí ẹnikẹ́ni bá na ìka sí ọ, má kánjú. Ka ohun tí o bá rí, pín in sí méjì, kí o tó dáhùn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Smart, Uncle.”

Gbogbo yín wà ní pápá lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ na ìka méjì sókè, àwọn tó jókòó tì wá bi yín ìdí rẹ̀, wọ́n na tiwọn, ó sì ràn ká. Àwọn tó ń ju búrẹ́dì ń na ìka méjì. Dárasími gba ọ̀kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i tí ó kọ́kọ́ na ọwọ́ síbi tí kò sí nǹkan, kí ó tó yí i padà bá bọ́ọ̀lù gidi. Ẹ̀yin rí iṣẹ́ ìyanu. Láti ìgbà náà, gbogbo pápá ń pariwo pé ó ku ọ̀kan, mo sì ń gbàdúrà kí wọ́n má ju bọ́ọ̀lù sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n jù ú. Ó fò sókè sí èyí tí kò sí, ọ̀tá gba èyí tó wà, bí ó sì ti ń bọ̀ wálẹ̀, ó fi orí sọ eékún onítọ̀hún. Ó nà gbọọrọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le gan-an, wọ́n dúró sínú afẹ́fẹ́, wọn kò wálẹ̀. Mo mọ ohun tí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ: ọpọlọ ti farapa. Péjú di apá mi mú, ó ní, “Bọ̀dá mi, kí ló ń ṣe é? Kí ló dé tí kò dìde?” Mo ní, “Ó ń sinmi.” Ìka méjì mi ṣì wà lókè.

Ẹ mọ ìyókù: iṣẹ́ abẹ, oorun gígùn, ààwẹ̀ yín. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé dókítà bi ìdílé wa bóyá orí rẹ̀ ti gbá nǹkan ṣáájú, mo sì dáhùn pé rárá. Praise wò mí, ó sì wo ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni Péjú ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mò ń fi iṣẹ́ mi tọ́jú ọmọ òun. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, mo ń jẹ ẹ́. Bí fóònù bá dún, mo máa ń rò pé ó ti mọ̀. Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti sọ ọ́, mo sì ti padà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá Dárasími lẹ́yìn ilé, ó fi ọ̀pá ti ara, ó ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri gáréèjì. Ó ń fa ọ̀rọ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ bó ti máa ń ṣe báyìí. Ó ní, “Uncle, ẹ dárí jì mí.” Mo ní kí ló ṣe. Ó ní, “God said two. I got one. Mo doubt, that's why mo ṣubú. Mo máa padà. Ó ku ọ̀kan.” Ó ní ẹ̀yin pàápàá ń sọ fún òun pé ó ku ọ̀kan, pé níbi ìdúpẹ́ Sọ́ńdè ni ẹ ó ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ náà dọ̀tun. Mo na ìka kan sí i, mo ní, “Mélòó nìyí?” Ó wo ìka náà pẹ́, ó ní, “Ọ̀kan.” Inú mi ti fẹ́ dùn. Ló bá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Mo rí méjì, mo pín in. Like you taught me. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe fún àwọn doctor, they say I'm doing great.”

Mo ti pe dókítà rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kò lè yọ ohun tí mo fi sí ọmọ yẹn lọ́kàn, ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá mi yọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ìka méjì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Pastor James, ẹ má pè mí sórí pẹpẹ. Péjú, mò ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ, bí o bá sì ti ilẹ̀kùn, èmi ni mo fà á. Praise, ìwọ lo ní ojú láàárín wa, ẹ̀rù àgbà ni mo fi bò ó, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ohun tí kò dára, tí àgbà kan ní Ọlọ́run ló ní kí ẹ dákẹ́, ẹ sọ ọ́ síta, èmi ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Dárasími, ọmọ mi, kò ku ọ̀kan. Ọlọ́run kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì bínú sí ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún na ìka sí ọ, má pín in mọ́. Bí ó bá jẹ́ méjì lo rí, sọ pé méjì.