Òkè Norway

Níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì Thamesmead ní Woolwich, ní London, ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin méjì tó wà níwájú mi. Ọ̀kan ti dàgbà díẹ̀, èkejì sì wọ aṣọ iṣẹ́ carer.

"Auntie, mo ti book flight Norway. Mo fẹ́ lọ wo àwọn òkè wọn, kí n wọ ọkọ̀ ojú omi níbi tí òkun ti wọ àárín òkè."

"Kí lo wá sọ fún ọkọ ẹ ní Ìbàdàn?"

"Mo ní mò ń lọ sórí òkè."

"Òkè àdúrà?"

"Mi ò dárúkọ àdúrà, ma. Àwọn ló fi àdúrà sí i fúnra wọn."

"Irọ́ lo pa yẹn."

"Ẹ gbọ́ ná, ma. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, arúgbó ni mò ń gbé dìde, ni mò ń wẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Tí mo bá ní mò ń lọ sinmi, wọ́n á ní mo ti gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní orí òkè ni, ìyá ọkọ mi súre fún mi. Wọ́n ní kí n má tètè sọ̀ kalẹ̀."

Kí n má tètè sọ̀ kalẹ̀. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi.

Bọ́ọ̀sì dé. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni mo gbọ́ tí Auntie rọra béèrè pé, "Ṣé àyè ṣì wà nínú flight yẹn? Èmi náà ní nǹkan tí mo fẹ́ gbàdúrà lé lórí."