Àgádágodo Tí Wolé-wolé Fi Ti Ilé Gààrí Mi

Ẹ bá mi ké Halelúyà kan tí wọn yóò gbọ́ ní Tápà! Háà, ìyẹn ò tíì dé ojú títì. Ẹ tún un ké! Bàbá, O ṣé. O ṣé o!

Ẹ̀yin ará, èmi Ìyá Fúnmi tó ń yan gààrí ní Èrúwà níbí ni mo dúró yìí. Ẹ mọ̀ mí, ẹ sì mọ ẹnu mi. Ẹnu yìí náà ló kó bá mi. Wolé-wolé kan yọ sí wa láti ọ́fíìsì ìjọba, ó ní omi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàn lẹ́yìnkùlé wa ń rùn. Òótọ́ ni, ó ń rùn! Ṣùgbọ́n dípò kí n bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ṣé lọ́fínńdà lo rò pé ó máa jáde lára ẹ̀gẹ́ ni?" Inú bí i. Ó lé èmi àti àwọn obìnrin mẹ́fà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ síta, ó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

Ó ní, "Ìjọba ni. Ìgbà tó bá wù mí ni mo máa ṣí i."

Yéè! Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń jẹun. Ẹ̀gẹ́ tí a ti lọ wà nínú àpò nínú ilé, ó ń kan lọ. Àwọn obìnrin náà ń bi mí pé, "Ìyá Fúnmi, ṣé a ò níṣẹ́ mọ́ nìyẹn?" Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé àáké, ó di dandan kí n fọ́ àgádágodo yẹn. Ọkọ mi dì mí mú. "Bí o bá fọ́ ọ, ìwọ gan-an ni ọlọ́pàá máa gbé. Jẹ́ ká lọ kóòtù." Bàbá Fúnmi tí kì í sọ̀rọ̀! Ọlọ́run ló fi í sí i lẹ́nu.

A wá lọ́yà, a pẹjọ́, a gbààwẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n pè wá. Adájọ́, obìnrin kan báyìí, bi wolé-wolé pé, "Ìwé àṣẹ kóòtù tí ẹ fi ti ilé yìí dà?"

Ó ní, "Olúwa mi, kò sí, ṣùgbọ́n òfin ìmọ́tótó fún mi lágbára."

Adájọ́ ṣí ìwé òfin, ó kà á, ó gbójú sókè. "Òfin ní kí ẹ wọlé, kí ẹ wò ó, kí ẹ kọ ìwé ìkìlọ̀. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ gbé wọn wá síbí. Ibẹ̀ ni agbára yín mọ. Kóòtù ló lè ní kí wọ́n ti ilé. Wolé-wolé là ń pè yín, a ò pè yín ní tilẹ̀kùn-tilẹ̀kùn!"

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí mo fò sókè: "Jésù, O ṣé!" Ọlọ́pàá ní, "Màmá, ẹ jókòó!"

Adájọ́ ò fi èmi náà sílẹ̀ o. "Ìyá, mi ò ní kí omi yín máa rùn. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì." Mo ní, "Lọ́la ni, mà!"

Wolé-wolé fúnra rẹ̀ ló wá ṣí i lọ́jọ́ náà. Ká má parọ́, ẹ̀gẹ́ inú àpò ti bàjẹ́, a dà á nù. Ṣùgbọ́n ilé ṣí! Àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti padà sídìí agbada, a sì ti gbẹ́ kòtò. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Ìwọ tí ẹnìkan ń fi ipò halẹ̀ mọ́, má fọ́ àgádágodo, má sì sá. Béèrè ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ti Ọlọ́run nìkan ni kò ní ààlà, yóò sì gbèjà rẹ.

Láàárọ̀ àná, mo gbé kóńgò gààrí kan lọ fún wolé-wolé, kí ìjà lè parí. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ̀ ọ́. "Ìyá Fúnmi, agbára mi ò dé ìdí gààrí yín." Ó dáa náà! Gààrí náà wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ìjọ Ọlọ́run, ẹ wá bù ú.