Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Ṣe Kéèkì Tí Wọ́n Fi Ń Yìn Mí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ń kọjá ládùúgbò wa ní Ìlaròó, tí ẹnìkan bá kí mi pé, "Ìyá Oníkéèkì, ẹ kú iṣẹ́ o," ńṣe ni ojú máa ń tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko. Oyè tí mi ò jẹ, tí àwọn àna mi sọ káàkiri, ni wọ́n fi ń pè mí. Ẹni tó ni ín wà ní Pọ́bẹ̀, lódìkejì bodè, apá rẹ̀ méjèèjì kún fún àpá iná, kò sì fìgbà kan bá mi jà. Àìbámijà rẹ̀ yìí gan-an ló ń dùn mí jù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń sọ, Ìyá Káyọ̀dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun náà kò sì tíì pé ogún ọdún. Òun ló di ìyá mi. Ọjà-Ọ̀dàn ló ti ń dín àkàrà lójú ọ̀nà, owó àkàrà yẹn ló fi rán mi ní ilé ìwé. Bí mo bá sún mọ́ ìdí ààrò láti ràn án lọ́wọ́, á lé mi dìde: "Gbé ìwé rẹ! Ta ló ní kí o wá jókòó síwájú èéfín?" Ìgbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló tó lọ sílé ọkọ ní Pọ́bẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ kéèkì, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní gató. Èmi di tíṣà. Mo mọ ìwé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì pupa sàmì sí iṣẹ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí mo bá sè, ajá á kọ́kọ́ ronú kó tó lá a.

Ìdílé àgbẹ̀ ni mo fẹ́ sí, ní Igbogila. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé síwájú ìyá ọkọ mi, Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n rọra gbé àwo sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, bá mi wá omi." Wọn kò bú mi. Àwọn àbúrò ọkọ mi ló fi ìborùn bo ẹnu, tí èjìká wọn ń mì. Mo fi ẹkún ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n nu ojú mi nù. Nígbà tí ọdún tuntun kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ṣe kéèkì ńlá kan, ó fi rán ọlọ́kadà kan tó mọ ọ̀nà dáadáa, ó ní kí n gbé e lọ fún àwọn àna mi.

Àṣé ẹbùn lè di ìdẹkùn! Màmá bu kéèkì náà sẹ́nu, ojú wọn là. "Ta ló ṣe èyí?" Kí n tó sọ̀rọ̀, àǹtí ọkọ mi kan ti fò sókè: "Ọwọ́ ìyàwó wa mà nìyí o!" Ọkọ mi wò mí, ó mọ̀ dájú pé mi ò lè ṣe é, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ń yin ìyàwó òun, ó sì dákẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wolẹ̀. Mi ò fẹnu sọ pé èmi ni. Àmọ́ ṣé dandan ni kí irọ́ gba ẹnu jáde? Màmá gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n gbàdúrà sí i pé kò ní rọ, kò ní ṣiṣẹ́ òfo. Mo ṣe àmín. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni kéèkì fi ń ti Pọ́bẹ̀ wá, tí mo ń gbé e lọ sí Igbogila, tí mo ń ṣe àmín sí àdúrà tí kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé wọ́n mọ òun. Á tún máa béèrè lórí fóònù pé, "Ṣé gató mi dùn mọ́ Màmá?" Màá ní, "Ó dùn mọ́ wọn, wọ́n ní kí n kí yín."

Ọdún tí ìjọba ti bodè pa ni àṣírí tú. Gbogbo wa lágbègbè yìí la rí i. Ìrẹsì tí a máa ń fi àpò rà di ohun tí a ń fi kọ́ńgò wọ̀n. Ìrẹsì ilẹ̀ wa nìkan ló kù, Màmá àti àwọn obìnrin ilé á jókòó síbi àtẹ láti àárọ̀, wọ́n á máa ṣa òkúta inú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ọlọ́kadà wa ní òun kò ní ba ọ̀kadà òun jẹ́ sínú igbó tí wọ́n ń gbà yẹ bodè sílẹ̀ torí kéèkì. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ń sunkún bí ọmọdé: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fẹ́ gbé lọ? Gbogbo ilé ló ń retí." Ó ní, "Gató kò lè la igbó já, á fọ́. Ṣùgbọ́n èmi lè là á já. Máa lọ sí Igbogila, màá bá ọ níbẹ̀." Ẹ̀rù bà mí pé àṣírí á tú, síbẹ̀ mo di ẹrù mi, mo forí lé Igbogila.

Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, oòrùn kò tíì dé àtàrí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọ agbo ilé wa, eruku dé orúnkún rẹ̀, abọ́ kéèkì àti ìyẹ̀fun wà nínú báàgì tó gbé rù. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Inú Màmá dùn: "Àna wa, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ewu! Ẹ̀yin náà wá kọ́ kéèkì lọ́wọ́ àbúrò yín ni? Ẹ ṣe é o! Ọdún mẹ́jọ ló ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe é fún wa."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Kò wò mí pẹ́, bí ẹni tó rí kòkòrò lára aṣọ mi, tó fẹ́ bá mi gbọ̀n ọ́n nù láìjẹ́ kí ará ilé rí i. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ní kó kọ́ mi."

Bí a ṣe wọ ilé ìdáná nìyẹn, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń darí olùkọ́. Màmá fi àpótí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Àbúrò mi, ṣé o ní kí a kọ́kọ́ po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí á fi funfun?" Màá ní, "Ẹ̀hẹ́n, bẹ́ẹ̀ ni." "Ẹyin ńkọ́, o ní ká má dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àbí?" "Rárá o, díẹ̀díẹ̀ ni." Màmá ní kí n gba ṣíbí onígi, kí n fi hàn án. Mo gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi yára gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé tèmi, ó ní, "Jẹ́ kí n fi mọ bó ṣe ń lọ," ló bá ń yí ọwọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ni Màmá bá mi orí, wọ́n ní, "Àna wa, ẹ má bínú o, ọwọ́ yín wúwo. Ẹ wo ti àbúrò yín." Ó ní, "Òótọ́ ni, Màmá, màá túbọ̀ kọ́ ọ." Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́! Ẹni tó fi èéfín sọ mí di èèyàn, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ wúwo, mo sì dákẹ́!

A da yanrìn sínú ìkòkò irin, a gbé abọ́ lé e, a kó ẹyin iná sábẹ́ àti sórí ìdérí. Kéèkì náà wú, ó pọ́n, òórùn rẹ̀ gba gbogbo agbo ilé. Èmi ni wọ́n yìn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo sin ẹ̀gbọ́n mi dé ìdí ọkọ̀, kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rárá. Ohun tó sọ kò ju pé, "Má jẹ́ kí iná ìsàlẹ̀ pọ̀ jù o."

Irọ́ kì í dúró sójú kan. Nígbà tí ọdún Àjíǹde ń bọ̀, Màmá ránṣẹ́ pé òun ti bá ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ sọ ọ́, kí n wá kọ́ wọn ní kéèkì. Apá mi kò ká a mọ́. Mo lọ bá Màmá ní Igbogila, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá ní kí n dìde, wọ́n ní, "Mi ò bínú torí kéèkì. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n yin òun? Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n sọ fún àna mi pé ọwọ́ rẹ̀ wúwo. O fi ẹnu àgbàlagbà jẹ gbèsè."

Bí ìjọba ṣe ṣí bodè, Màmá ní ká lọ sí Pọ́bẹ̀. Wọ́n gbé iṣu àti àkùkọ dání. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sáré gbá wọn mú: "Màmá, ẹ fẹ́ kí n kú ni?" Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tíṣà tí kò mọ iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó ku èmi àti òun lẹ́yìnkùlé, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Kí lo ṣe? O ò ṣẹ̀ mí. Ṣé ìwọ rò pé torí gató ni mo ṣe la igbó kọjá? Láti ọjọ́ tí mo ti fà ọ́ lé wọn lọ́wọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ níbẹ̀. Mo sì rí i."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn mi, ibi tí mo wà rèé. Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó gbá mi létí, ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní mi ò ṣẹ òun. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin àgbà: báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò gbà pé a jẹ òun ní nǹkan kan?