Ọmọ Òyìnbó tí Ìyá Àgbà Wẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì mọ ìró í ró… Ẹ gbọ́, ẹ jókòó ná. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi láti Sọ́ńdè. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìnkùlé wa yìí, ta ló ń fi sílẹ̀? Pásítọ̀ kékeré yẹn ń sọ ìtàn àwọn òyìnbó ajíhìnrere tó gbé àdúgbò wa nígbà kan. Ó ní àwọn Mùsùlùmí agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà fẹ́ la ọmọ wọn mọ́lẹ̀. Ó ní ìyẹn ló lé wọn lọ. Àwọn èèyàn sì ń ṣe àmín!

Agboolé wo? Agboolé wa nìyẹn! Ilé bàbá mi ni! Ó ṣojú mi kòrókòró. Ṣé ẹni tí wọn ò tíì bí ni yóò wá ròyìn fún mi?

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Bàbá mi ń ṣòwò obì. Wọ́n ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ìsàlẹ̀ là ń gbé, òkè ṣófo. Lọ́jọ́ kan, òyìnbó kan dé, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni wọ́n. Ọkọ ń jẹ́ Jọ́ọ̀jì, ìyàwó ń jẹ́ Ẹ́sítà. Wọ́n ní míṣọ́n ló rán àwọn wá, pé àwọn ò fẹ́ gbé orí òkè níbi tí àwọn òyìnbó yòókù ń gbé, àárín ìlú làwọn fẹ́. Àwọn ẹbí ní kí bàbá mi má gbà. Bàbá mi ní, "Àlejò ni wọ́n. Wọ́n á máa gbàdúrà tiwọn, àwa náà á máa kírun tiwa. Kí ló wá di ìjà níbẹ̀?" Bí wọ́n ṣe gbà wọ́n sílé nìyẹn.

Há! Ojú wọn rí màbo. Ẹ́sítà ò mọ iná í dá. Igi tútù ló máa ń kó sábẹ́ ìkòkò, èéfín á bo gbogbo ilé, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tó sunkún mọ́jú. Ó sá aṣọ sórí okùn, ewúrẹ́ wa jẹ ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, á kàn kọjá lára wa láìkí ẹnikẹ́ni, bí ẹni tó ń bá wa jà. Àṣé wọn kì í kí ara wọn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wọn. Nígbà tó wá kọ́ ìkíni, kò mọ ibi tó yẹ kó ti dúró mọ́. Ẹni tó ń sáré lọ sí ṣálángá, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" A rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Èèyàn dáadáa ni.

Ọkọ rẹ̀ ló le. Ó ti kọ́ Yorùbá nínú ìwé kó tó wá, ṣùgbọ́n ìwé ò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó dé iwájú bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ó nàró gángan, ó ní, "O káàárọ̀. Ṣé o sùn dáadáa?" Ẹ gbọ́ mi? "O"! Bàbá àgbà wò ó, wọ́n ní, "Mo sùn dáadáa, ọmọ mi. Ìwọ náà ńkọ́?" Wọ́n ní ẹni tí ò mọ̀, kíkọ́ là á kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ayé òde òní, ṣé ẹ ò ní ti gbé fóònù jáde, kí ẹ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kiri?

Ó ṣe díẹ̀, Ẹ́sítà bímọ ní ọsibítù. Ọkùnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Pítà. Wọ́n gbé ọmọ délé… wọ́n gbé e sí yàrá òun nìkan. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn! Ọmọ jòjòló! Wọ́n ní aago ni yóò máa sọ ìgbà tí ọmọ yóò mu ọmú. Tí aago ò bá tíì sọ̀rọ̀, kí ọmọ máa ké.

Ọmọ sì ké. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú. Ó ké, ó ké… Àwọn obìnrin tó ń pọnmi dúró. Àwọn tó ń ti Ọjà'ba bọ̀ ń bi wá léèrè pé, "Ṣé kò sí ìyá nínú ilé yìí ni?" Ìtìjú bá wa. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń po ọṣẹ lẹ́yìnkùlé. Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n, àwọn ló sì wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí agboolé wa. Wọ́n ju igi ìpoṣẹ sílẹ̀, wọ́n gun àtẹ̀gùn. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Ẹ́sítà la bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ láyà. Òun náà ń sunkún. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó mú aago lọ́wọ́.

"Ìyá, má wọlé," ni Jọ́ọ̀jì wí. "Àkókò kò tíì tó. Ẹkún ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ le. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa."

Ìyá Àgbà ní, "Ṣé aago ló lóyún rẹ̀ ni?"

"Ìyá, mo ní…"

"Yà fún mi."

Ó yà. Ta ni ò ní yà? Wọ́n gbé ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ ti há, ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n gbé e lé Ẹ́sítà láyà, wọ́n ní, "Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò tíì dúró, ẹ̀yin ń kọ́ ọ ní sùúrù?" Ẹ́sítà fi orí lé èjìká Ìyá Àgbà, ó bú sẹ́kún gidi.

Láti ìgbà náà, bílẹ̀ bá ti ń mọ́, Ẹ́sítà á ti gbé ọmọ wá sísàlẹ̀. Ìyá Àgbà á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n á fi òrí pa á lára. Wọ́n ń pè é ní Àjàní. Àjàní sanra! Jọ́ọ̀jì náà wá ń rí oorun sùn, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Mo fojú ara mi rí i tó fi ọ̀já pọn ọmọ, tó ń rìn sọ́tùn-ún sósì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ń ka Bíbélì. Ta ló ń lé ta lọ nínú èyí?

Àfi ọjọ́ tí ọ̀gá wọn dé láti orí òkè. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ sí Bẹẹrẹ, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé, torí ọ̀nà wa ò gba mọ́tò. Jọ́ọ̀jì ló mú un wá. Bó ṣe yọ sí ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Àgbà di Àjàní lọ́wọ́ méjèèjì mú, wọ́n ń jù ú fìrìfìrì bí a ṣe ń ṣe fọ́mọ. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín o! Ọ̀gá figbe ta. Ó sáré dé, ó já ọmọ gbà.

Ọmọ tó kún fún ọṣẹ! Ṣé wọ́n ń já ọmọ tó lọ́ṣẹ lára gbà? Ó yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ló kọ sílẹ̀, òkúta ìfọṣọ ló ń lọ bá… Ìyá Àgbà dà gbì, wọ́n fi apá gbà á. Ìgbọ̀nwọ́ wọn ló kọlu òkúta, ó bó yánkan. Ọmọ ò fara pa rárá.

Ọ̀gá náà nawọ́ sí Ìyá Àgbà, ó ń sọ gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ní ìyá mi fẹ́ la ọmọ mọ́lẹ̀!" Wọ́n kọjú sí Jọ́ọ̀jì. "Ẹ̀yin wà níbí. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

Jọ́ọ̀jì wo bàbá mi. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ó wolẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹ́sítà ló sọ̀rọ̀. Yorùbá ló sì fi sọ ọ́, kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní, "Irọ́ ni! Ìyá mi ni wọ́n. Àwọn ló gba ọmọ mi là. Ìwọ! Ìwọ lo fẹ́ pa á!" "Ìwọ" ló pe ọ̀gá o. Ó ti mọ ẹni tí à ń pè ní "ẹ" àti ẹni tí à ń pè ní "ìwọ".

Kò yí nǹkan kan padà. Míṣọ́n fi dandan kó wọn lọ sórí òkè. Àwa kọ́ la lé wọn. Ẹkún la fi sìn wọ́n. Ẹ́sítà ò sì já wa sílẹ̀. Á pọn Àjàní, á fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, á gba Màpó, á gba àárín Ọjà'ba, àwọn èèyàn á máa wò ó bí ìran. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ló ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sílùú wọn, Jọ́ọ̀jì nìkan wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rí i. Ẹ̀rù ọ̀gá mi ló bà mí."

Ìyá Àgbà ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n àwa lo ń sọ ọ́ fún, àwa tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ sọ ọ́ fún àwọn tí ò mọ̀."

Ó ní òun á sọ ọ́. Kò sọ ọ́! Bó bá sọ ọ́ ni, ṣé irọ́ yẹn á dàgbà tó báyìí? Ìyá Àgbà ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá mi ti lọ. Irọ́ ò kú ní tiẹ̀. Wọ́n ti wá gbé e sórí gbohùngbohùn.

Mo lọ bá pásítọ̀ yẹn lánàá. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, bí àwọn àgbà ìjọ ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn." Mo ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé ọmọdé lèmi?" Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀! Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nínú wọn?

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá rí òtítọ́, ẹ sọ ọ́ lójú ẹni tó ń purọ́. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ máa tọrọ àforíjì ní kọ̀rọ̀. Àforíjì kọ̀rọ̀ kì í tún orúkọ ẹni ṣe.

Ayé ti wá yí… Lọ́jọ́ náà, Mùsùlùmí ń wẹ ọmọ ajíhìnrere, ọmọ ń sanra, kò sẹ́ni tó bi ọṣẹ pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe. Ẹ wo àdúgbò wa báyìí. Fẹ́ǹsì lọ́tùn-ún, fẹ́ǹsì lósì, wọ́n tún gbin ìgò fífọ́ sórí rẹ̀. Ìyàwó tó bímọ ní ilé kejì lóṣù tó kọjá, ta ni nínú yín tó ti yọjú kí i? Kò sí. Ẹ ń bi mí pé ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin náà! Ẹ bu omi wá fún mi jàre, ọ̀fun mi ti gbẹ.