Ohun Tó Ń Di Ọwọ́ Ràfíù Mú

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì níwájú yín láàárọ̀ yìí. Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú bí ẹ̀rí mi kò bá dùn tó ti Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó yẹn. Ìbejì ni tiwọn. Tèmi kò ní ìbejì nínú, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣe nǹkan fún mi, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé màá sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Sámúẹ́lì káfíńtà, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìtamága. Tábìlì, àga àti fèrèsé ni mo ń kàn tẹ́lẹ̀, kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tó ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ tó gbé gìtá kan dé láti òkè òkun. Gìtá oníná ni, okùn irin mẹ́rin ló ní, béèsì ni wọ́n ń pè é. Kò ní ihò nínú bí àwọn gìtá tí a mọ̀, pákó ni látòkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ sì nípọn débi pé inú ikùn lèèyàn ti ń gbọ́ ọ. Mo fi páálí gé àwòrán rẹ̀, mo ṣe tèmi, ó dún! Ni àwọn olórin háíláìfù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní Èkó ló ń bá mi so wáyà rẹ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa iná, kò tilẹ̀ sí iná ní ṣọ́ọ̀bù mi. Igi ni mo mọ̀.

Ẹ̀yin náà lẹ bá mi sin Bísí ọmọ mi. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, òun nìkan sì ni a bí. Àwọn àgbà ilé wa ní kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi kan pósí rẹ̀, wọ́n ní kò yẹ kí n fi ọwọ́ ara mi kàn án. Mo kọ̀. Pákó ọ̀gànwó kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tó dára ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni mo là. Ọmọ kékeré ni, kò gba pákó púpọ̀. Ìdajì ló ṣẹ́kù.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràfíù wá láti Ẹ̀pẹ́, ó ń fẹ́ béèsì kíákíá. Òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì ti gba ẹgbẹ́ wọn láti máa ṣeré níbẹ̀. Kò sí igi gbígbẹ mìíràn lọ́wọ́ mi. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wo pákó yẹn. Nígbà tó yá mo mú ayùn. Mo ń fá a, mo ń sunkún, mo sì ń sọ fún ara mi pé igi ṣá ni. N kò sọ fún ìyàwó mi.

Kò pé oṣù kan tí Ràfíù fi padà wá, kò gbé gìtá dání. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi.

"Bùrọ́dá Sámú, kí lẹ fi ṣe gìtá mi?"

"Ọ̀gànwó ni."

"Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ o! Tí mo bá ti fọwọ́ kan okùn rẹ̀, á di ọwọ́ mi mú, á máa gbọ̀n mí. Kì í di ẹlòmíràn mú nínú ẹgbẹ́ wa, èmi nìkan ni. Ìyá mi ti ní kí n fi orin sílẹ̀, kí n padà sídìí àwọ̀n ẹja."

Ìyá Bísí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ wa. Nígbà tí Ràfíù lọ tán, ó bi mí pé, "Ọ̀gànwó wo?" Mo jẹ́wọ́ fún un pé ìdajì tó ṣẹ́kù lára pákó pósí ni. Mo rò pé á pariwo, kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bísí, ẹ lọ gbé e wá fún mi. Ẹ jẹ́ kó di èmi náà lọ́wọ́ mú." Ó gbá yàrá, ó tẹ́ ẹní ọmọ náà, ó ń retí gìtá.

Láti ọjọ́ yẹn, ayé sú mi. Ìdajì pákó wà nínú ilẹ̀, ìdajì wà ní òtẹ́ẹ̀lì níbi tí wọ́n ti ń mutí, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pín ọmọ mi sí méjì tí kò lè sinmi. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn kan nínú yín bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ẹ má baà kí mi. Mo rí yín o, mo sì ti dárí jì yín, ẹ má wolẹ̀ mọ́. Mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Èyí tó ṣẹ́kù kò jọ àdúrà. Mo ní, Olúwa, tó bá jẹ́ òun ni, mú mi lọ bá a.

Bàbá Alàgbà wa ló ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n lọ bá nǹkan náà níbi tó wà, kí n gbàdúrà lé e lórí. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìjẹ̀dẹ̀, mo gba Ẹ̀pẹ́ lọ.

Ọ̀sán gangan ni mo dé òtẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi fọ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì rẹ̀. Ràfíù ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó so gìtá mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì lọ dúró lókèèrè. Mo gbé e. Mo fọwọ́ kan okùn, ó dún. Mo tún fọwọ́ kàn án, ó dún. Kò dì mí mú. Ẹ̀yin ará, nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló burú jù fún mi. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń dì lọ́wọ́ mú, kò fẹ́ tèmi. Mo ní ó ti bínú sí mi.

Síbẹ̀, àdúrà ni mo bá wá. Mo bọ́ bàtà kánfáàsì onírọ́bà mi, bí a ti ń ṣe nínú ìjọ wa, mo fi ẹsẹ̀ lásán dúró, mo gbé ọwọ́ lé okùn. Jésù! Ó dì mí mú dé èjìká, eyín mi ń lu ara wọn. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. Mo pariwo pé, "Bísí! Bàbá rẹ rèé!" Ràfíù sáré fa wáyà yọ, ẹkún ló ń sun.

Mo wọ bàtà, mo ní kó so ó padà, torí mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Kò sí nǹkan kan. Mo bọ́ bàtà, ó dì mí mú. Mo tún wọ̀ ọ́, kò sí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bísí kì í ṣe ọmọ tó ń wo bàtà kó tó mọ bàbá rẹ̀. Mo bi Ràfíù bóyá ó máa ń wọ bàtà tó bá ń ta gìtá. Ó ní rárá, ẹsẹ̀ lásán ni, kí òun lè máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ mọ́ orin. Àwọn yòókù ló ń wọ bàtà. Mo ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú omi yẹn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá gìtá náà mọ́ra. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Iná ni. Iná lásán. Ẹni Èkó tó ń tún rédíò ṣe yẹn wá tú ẹ̀rọ náà, ó rí wáyà kan tó ti bó tó ń kan irin, ó ní rọ́bà ìdí bàtà ni kì í jẹ́ kí iná mú èèyàn, ó sì tún un ṣe. Ràfíù ti padà sídìí béèsì rẹ̀. Halelúyà! Ó yẹ kí n fò sókè lọ́jọ́ yẹn, àbí? Ilẹ̀ tútù yẹn ni mo jókòó sí, mo sì sunkún ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ, torí mo ti rò pé mo rí i.

Nígbà tí mo délé, ọwọ́ mi ni Ìyá Bísí ń wò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Kò sí nínú igi, kò sí ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló wà, lódindi."

Ó wá ní, "Ibẹ̀ jìn ju Ẹ̀pẹ́ lọ."

Ẹ̀yin ará, ìdáǹdè ni mo gbà. Ọmọ mi ń sinmi, n kò pín in sí méjì. Ọlọ́run ló ni ògo. Ìyá Bísí ló jókòó lẹ́yìn yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó wá lónìí. Ẹ má sọ fún un pé kó dìde jó. Ẹ̀yin tí ara yín yá, ẹ bá wa jó tiwa mọ́ tiyín, títí a ó fi lè gba ijó wa padà lọ́wọ́ yín.